Arowana, Oscar méjì àti redtail catfish: táǹkì wo ló lè gbà wọ́n títí wọ́n á fi dàgbà?

Tósìn_Ìjàpò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Táǹkì dígí kan wà nílé wa ní Ìjàpò, ní Àkúrẹ́ níbí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 120 cm, ìbú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn 45 cm, gíga rẹ̀ 50 cm. Mo fẹ́ kó silver arowana kan, Oscar méjì àti redtail catfish kan sínú rẹ̀. Ní báyìí, kò sí èyí tó gùn ju ìka ọwọ́ lọ nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ tà wọ́n fún mi ní ẹja kì í dàgbà kọjá ibi tí àyè rẹ̀ bá mọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, irú táǹkì wo ni kí n ṣe tí n kò fi ní náwó lẹ́ẹ̀mejì? Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, mo lè gbé e sí ìsàlẹ̀, mo sì lè gbé e sókè. Omi kànga là ń lò.

BàbáOlómi

Tósìn, o kú àárọ̀. Ohun tí ẹni yẹn sọ kì í ṣe òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló gbà á gbọ́. Ẹja kì í wo dígí kó tó dàgbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyè tó há ni pé ẹ̀gbin rẹ̀ ń pọ̀ ju omi lọ, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, oúnjẹ kì í sì í ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ mọ́. Ìdàgbà rẹ̀ á falẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè wọ́, ìbòrí ibi tó fi ń mí lè ká síta, á sì kú nígbà tó yẹ kó ṣì máa lo ìgbà rẹ̀. Àìsàn ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀n ara.

Orí ẹja tó ti dàgbà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, má bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ ọlọ́jà. Silver arowana inú táǹkì máa ń gùn tó 75 sí 90 cm. Bó bá ń jẹun dáadáa, ó lè tó 50 cm láàárín ọdún kan péré. Oscar máa ń tó 30 sí 35 cm, ó sì ń fi bíi 2.5 cm lé gígùn rẹ̀ lóṣù kọ̀ọ̀kan nínú ọdún àkọ́kọ́. Redtail catfish ńkọ́? Ẹja odò Amazon ni, ó máa ń gùn ju mítà kan lọ, ẹnu rẹ̀ sì ń fẹ̀ bí ara rẹ̀ ṣe ń gùn. Ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀ ti di oúnjẹ, ìbáà ṣe Oscar tí wọ́n jọ dàgbà.

Yọ redtail kúrò nínú ètò yìí pátápátá. Kì í ṣe ẹja inú yàrá. Adágún tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà ló yẹ ẹ́, kò sì sí táǹkì dígí tí wọ́n lè ṣe fún ọ ní Àkúrẹ́ tó máa tó o nígbà tó bá dàgbà.

Táǹkì tó wà nílẹ̀ yẹn, 120 × 45 × 50, pín in pẹ̀lú 1,000: 270 lítà. Arowana tó gùn ní 80 cm kò lè yí padà nínú ìbú 45 cm. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

ÌyáẸja_Òǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìbú tí ẹ mú wá yìí wọ Tósìn létí dáadáa, torí lítà ni gbogbo ènìyàn ń kà, wọn kì í wo ìrísí táǹkì. Táǹkì méjì lè gba iye omi kan náà, kí ẹja rí ayé nínú ọ̀kan, kó sì wà lẹ́wọ̀n nínú èkejì.

Bí ìṣirò ṣe ń lọ fún ẹja apajẹ ńlá nìyí: gígùn táǹkì kó tó bíi ìlọ́po 3 gígùn ẹja tó ti dàgbà, ó kéré tán, kí ìbú rẹ̀ sì tó gígùn ẹja náà. Ẹja tí ara rẹ̀ le gbọnrangandan bíi gar, tí kò lè tẹ̀, ìbú tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 1 àtààbọ̀. Gíga ló gbẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Arowana kì í wá nǹkan kan lọ sísàlẹ̀, ojú omi ni ibùgbé rẹ̀. 50 sí 55 cm omi ti tó o.

Ẹ wo arowana nígbà tó bá fẹ́ yí padà. Á kọ́kọ́ dúró, á tẹ̀ bí ọrun, orí á máa wá ìrù, lẹ́yìn náà ni á na ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì lọ. Bí àyè bá há, imú rẹ̀ á kan dígí iwájú, ìrù rẹ̀ á kan ti ẹ̀yìn. Irùngbọ̀n méjì tó yọ síwájú ní àgbọ̀n rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń fara gbá: wọ́n á máa ha dígí títí wọ́n á fi tẹ̀ tàbí kí wọ́n gé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Tí ẹ bá rí irùngbọ̀n tó ti gé lára arowana tó ń dá gbé, ẹ wọn ìbú táǹkì kí ẹ tó ra oògùn.

Fún arowana kan àti Oscar méjì, ohun tí mo fọwọ́ sí ni 240 cm ní gígùn, 90 cm ní ìbú, 60 cm ní gíga. Ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 8, lórí 3, lórí 2. Tósìn, kó o tó bá oní-dígí sọ̀rọ̀, fi ṣọ́ọ̀kì fa ìwọ̀n yẹn sórí ilẹ̀ yàrá. Gé páálí tó gùn ní 85 cm, gbé e sínú ilà náà, kó o yí i ká. Kó o tún rìn yí ilà náà ká, kó o mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn á ṣì ṣí, bóyá ọwọ́ rẹ á sì dé ẹ̀yìn táǹkì fún fífọ̀. Ìbú 90 cm jìn fún apá, ẹ máa nílò àpótí láti gùn.

Tósìn_Ìjàpò

Ẹ ṣé gan-an, Màmá, ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti yọ redtail kúrò. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe pé bí mo bá dín ìbú kù sí 60, tí mo wá gbé gíga sí 90, omi kan náà ni? Ògiri tí mo fẹ́ fi í tì kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

OníDígí_ÒkèÀró

Omi kan náà ni, bùrọ̀dá mi, ṣùgbọ́n dígí kan náà kọ́. Gíga ni omi fi ń ti dígí. Dígí iwájú tó gùn ní 240 cm, tí omi inú rẹ̀ ga ní 55 cm, ń gba ìtì tó jẹ́ bíi 363 kg. Ẹ gbé omi yẹn sí 90 cm, ó di 972 kg. Gíga kò tíì pé ìlọ́po méjì, ìtì omi ti ń lọ sí ìlọ́po mẹ́ta. Dígí tí ẹ máa rà á nípọn sí i, owó á lọ sókè, ẹja ò sì ní jèrè rẹ̀.

Fún 240 × 90 × 60 tí omi ò kọjá 55 cm, ohun tí mo máa ń sọ nìyí. Dígí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 12 mm ló kéré jù, 15 mm dára jù bí ẹ bá rí i rà. Ti ìsàlẹ̀, 15 mm. Lókè, ẹ lẹ dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní 10 cm yí inú ká, kí ẹ sì fi méjì míì dábùú láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n pín gígùn náà sí mẹ́ta. Àwọn yẹn ni kì í jẹ́ kí dígí iwájú wú síta láàárín. Ẹni tó bá ní kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíràn.

Sílíkónì tí ẹ máa fi lẹ dígí: èyí tó jẹ́ sílíkónì pọ́ńbélé ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n ń lò ní balùwẹ̀, tí wọ́n fi oògùn adènà èbu sí, májèlé ni fún ẹja. Ẹ fi ásítónì nu etí dígí, kí ọwọ́ má tún kàn án mọ́. Ẹ má fún dígí méjèèjì pọ̀ títí sílíkónì á fi tán láàárín wọn. Kí ó ṣẹ́kù bíi 2 mm, torí sílíkónì yẹn gan-an ló ń fà, tó ń gba agbára. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 kó tó rí omi.

Dígí ilẹ̀kùn báńkì tí wọ́n ti fi iná mú le, tó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, kò ṣeé gé. Bí ọ̀bẹ dígí bá kàn án báyìí, ó fọ́ nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ kí paipu gba ara dígí kọjá, ara dígí lásán ni kí ẹ ti lu ihò, kí ẹ lù ú kí ẹ tó lẹ táǹkì pọ̀.

Bíríkìlà_Ìdànrè

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Omi inú táǹkì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,190 kg. Dígí rẹ̀ á lé ní 200 kg. Ẹ fi irin ẹsẹ̀ rẹ̀ kún un, tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ ni, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ tí kò ju mítà 2.4 lórí 0.9 lọ. Ìyẹn sún mọ́ 700 kg lórí mítà kan níbùú-lóròó. Ilẹ̀ òkè ilé gbígbé, bíi 150 kg lórí ìwọ̀n yẹn ni wọ́n sábà máa ń ṣírò fún un. Má gbé e sókè, Tósìn. Bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ wó, á tẹ̀ díẹ̀, ìtẹ̀ díẹ̀ yẹn á yí dígí, ojú ìlẹ̀mọ́ á sì ya.

Ìsàlẹ̀ náà ní tirẹ̀. Bí ilẹ̀ yàrá bá ń dún kókó nígbà tí ẹ bá fi òòlù kàn án, abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo. Ẹ fọ́ ibẹ̀, kí ẹ da kọnkéré tuntun tó nípọn ní 15 cm sí i. Ẹ fi lẹ́fẹ̀lì wo irin ẹsẹ̀ táǹkì ní òòró, ní ìbú, àti láti igun dé igun. Lórí irin, pákó máríìnì 18 mm. Lórí pákó, fóòmù funfun líle. Lórí fóòmù, táǹkì. Iyanrìn kan ṣoṣo tó bá wà lábẹ́ dígí láìsí fóòmù lè là á.

Ẹni tí dígí bá wọ́n jù fún, ó lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, kó fi ojú dígí kan síwájú. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9, kí ẹ fi kọnkéré dí inú wọn, kí irin 12 mm dúró nínú wọn láti ìpìlẹ̀. Ojú dígí, inú ni kí ẹ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí omi máa tì í mọ́ ògiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lẹ̀ ẹ́ láti ìta, wọ́n wá ń gbàdúrà kí sílíkónì má jáwọ́. Sílíkónì kì í sì í di símẹ́ńtì gbígbẹ mú dáadáa, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpọ́ksì kun etí rẹ̀.

Símẹ́ńtì tuntun á mú kí omi ro jù fún ẹja, pH rẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe ro tó) lè kọjá 10. Ẹ rọ omi kún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ dà á nù, ẹ tún rọ òmíràn. Ẹ máa ṣe é lọ títí pH omi tó sùn sínú rẹ̀ kò fi ní kọjá 8 mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹja_FUTA

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Màmá Òǹdó ti sọ ìdí ìrísí táǹkì. Mo fẹ́ sọ ìdí tí omi fúnra rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ pọ̀, torí ìṣirò rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ẹja apajẹ ń jẹ oúnjẹ tó kún fún purotéènì, ohun tó sì ń jáde lára rẹ̀ ni ammonia. Ìṣirò tí a ń lò fún ẹja àrọ̀ tí a ń sìn nínú táǹkì náà ló bá a mu: ìwọ̀n oúnjẹ, lọ́nà ìdá purotéènì tó wà nínú rẹ̀, lọ́nà 0.092. Ká ní ẹ ń fún wọn ní 20 giramu oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́, tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ 45 nínú 100. Ammonia tó máa jáde jẹ́ bíi 0.83 giramu. Nínú 270 lítà, ìyẹn jẹ́ 3 mg nínú lítà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí fílítà kò bá ṣiṣẹ́. Nínú 1,190 lítà, 0.7 mg ni. Ìyàtọ̀ ikú àti ìyè ni ní ọjọ́ tí fílítà bá dákẹ́. Bí omi bá ṣe gbóná tó, tí pH rẹ̀ sì ga tó, bẹ́ẹ̀ náà ni oró ammonia ṣe ń pọ̀ tó, omi wa níbí kì í sì í tutù.

Bí fílítà bá tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ammonia á di nitrite, nitrite á di nitrate, nitrate á sì jókòó sínú omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, oúnjẹ 20 giramu lóòjọ́ yẹn á gbé nitrate sókè ní 95 mg nínú lítà kọ̀ọ̀kan ti 270 lítà, ṣùgbọ́n 22 péré nínú 1,190. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìdajì omi táǹkì ńlá náà lọ́sẹ̀, á máa wà láàárín 22 lẹ́yìn ìpààrọ̀ àti nǹkan bí 43 kí ẹ tó tún pààrọ̀. Ibẹ̀ tọ́ fún wọn. Ti kékeré yẹn, kò sí bí ẹ ṣe máa gbọ́n omi tó.

Ìdajì omi yẹn jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́rìnlélógún lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbé e lọ́wọ́. Ẹ gbé táńkì ike 1,000 lítà sítòsí, ẹ fa rọ́bà láti ibẹ̀. Èyí tí ẹ bá tú dànù, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀fọ́ ni kó lọ, ó dára fún un.

Ẹ̀gbọ́n Tósìn, kànga yín jìn sí sọ́kàwéè tó? Ẹ yẹ omi kànga wò fún ammonia àti nitrate kí ẹ tó náwó kankan. Bí nitrate inú kànga bá ti jẹ́ 40, kò sí ìpààrọ̀ omi tó lè mú táǹkì yín lọ sísàlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà òjò, torí omi ilẹ̀ máa ń gòkè nígbà yẹn. Omi kànga àti ti bóhóò sábà máa ń ní kábọ́nì dáyọ́ksáídì púpọ̀ àti afẹ́fẹ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó wọ táǹkì. Ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba, tí klórín wà nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi sodium thiosulfate pa klórín náà kí ó tó lò ó.

Wálé_Alágbàká

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí arowana. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọkùnrin yìí rò pé táǹkì 120 cm rẹ̀ ti di àpótí aṣọ. Oscar kan ṣoṣo lè gbé inú rẹ̀. 285 lítà, ìyẹn gálọ́ọ̀nù 75 ti Amẹ́ríkà, ni wọ́n sábà ń pè ní òpin ìsàlẹ̀ fún Oscar kan. 270 kò jìnnà sí i, ìbú 45 cm náà sì bá ìwọ̀n táǹkì wọn mu.

ÌyáẸja_Òǹdó

Wálé, òpin ìsàlẹ̀ ni ẹ pè é, ẹ sì ti wà lábẹ́ rẹ̀. Òkúta àti iyanrìn á tún gba àyè, omi kì í sì í dé ètè táǹkì. Ohun tó máa kù jẹ́ bíi 230 lítà. Ẹja tó gùn ní 33 cm nínú ìbú 45 ń yí padà ni, kò tíì rìn.

Wálé_Alágbàká

Òótọ́ ni ti omi tó kù, Màmá, mo gbà. Síbẹ̀, ìbú yẹn ju gígùn Oscar lọ, ìlànà tí ẹ̀yin fúnra yín fi lélẹ̀ nìyẹn, gígùn 120 náà sì ju ìlọ́po 3 lọ. Tí kò bá sí iyanrìn nínú rẹ̀, tí fílítà rẹ̀ lágbára, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ìdajì omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹja bá ti kọjá 25 cm, á gbé e. Méjì ni kò ṣeé gbà láéláé. Oscar méjì nílò bíi 470 lítà sókè, torí bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo tó fẹ́ yé, tàbí tí wọn kò bá fẹ́ràn ara wọn, ẹni tó bá kéré kò ní ibi tó máa sá sí.

ÌyáẸja_Òǹdó

Ìlànà yẹn, òpin ìsàlẹ̀ ni èmi náà pè é. Nínú tèmi, 60 cm ni ìbú Oscar. Kí Tósìn fi ojú ara rẹ̀ yàn.

BàbáOlómi

Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tó yẹ táǹkì 120 cm yẹn gan-an, Polypterus senegalus ni, méjì. Ẹja ilẹ̀ wa ni, inú odò Nàìjíríà ni wọ́n ti ń kó o lọ sí òkè òkun, àwa wá ń sáré lọ ra ẹja Amazon. Kì í sábà kọjá 30 cm, ara rẹ̀ ń tẹ̀ bí ejò, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, nítorí náà ìbú 45 kò ni ín lára. Apajẹ ni lóòótọ́, ẹja tó bá wọ ẹnu rẹ̀ á lọ. Ó ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń gòkè wá mí, ẹ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ láàárín omi àti ìdérí. Polypterus endlicheri ni ẹ kò gbọdọ̀ ṣì rà dípò rẹ̀: ìyẹn máa ń kọjá 60 cm, táǹkì 180 × 60 ló kéré jù fún un.

Ọ̀rọ̀ ìdérí ni ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Polypterus máa ń gba ihò wáyà jáde. Ihò tí orí rẹ̀ bá ti wọ̀, gbogbo ara rẹ̀ á tẹ̀lé e, ilẹ̀ gbígbẹ lẹ máa bá a lọ́wọ́ àárọ̀. Arowana ní tirẹ̀ ń fò. Nínú igbó Amazon, ó máa ń fò jáde nínú omi láti já kòkòrò lórí ẹ̀ka igi, kòkòrò tó bá ń fò yí gílóòbù yàrá ká sì lè pè é bẹ́ẹ̀. Ìdérí dígí 6 mm tí ẹ kàn gbé lé e láìdè, á sọ ọ́ kúrò. Ẹ fi irin dè é mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àyè bíi 5 cm wà láàárín omi àti ìdérí náà, kó má baà rí ibi tó ti máa sáré gba agbára. Ẹ má pa gbogbo iná yàrá lójijì lálẹ́. Iná kékeré kan kó ṣẹ́kù fún ìgbà díẹ̀. Òkùnkùn òjijì ló ń dẹ́rù bà á jù.

Ínfátà_Ìjòkà

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì bi Tósìn wákàtí mélòó ló ń ní iná ọba. Ìyẹn wà lára ìwọ̀n táǹkì. Bí omi bá ṣe pọ̀ sí lórí ẹja kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lè pẹ́ sí nígbà tí iná bá lọ.

Fílítà tí wọ́n dé pa bí kúlà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Bí iná bá lọ, omi inú rẹ̀ dúró, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ammonia á lo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Tí iná bá dé, pọ́ǹpù á tú gbogbo ìdọ̀tí yẹn sínú táǹkì. Bí iná bá ti lọ ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ ṣí i, ẹ fi omi táǹkì ṣan kànìnkànìn inú rẹ̀ kí ẹ tó tàn án padà.

Sọ́ǹpù ló yẹ táǹkì ńlá, ìyẹn táǹkì kejì lábẹ́, tí omi ń ṣàn sí láti òkè, tí pọ́ǹpù sì ń dá a padà. Kó gba 250 lítà sókè. Pọ́ǹpù kó lè gbé bíi 6,000 lítà ní wákàtí kan dé gíga táǹkì náà. Ẹ wo iye tó ń gbé ní gíga yẹn, ẹ má wo iye gàgàrà tó wà lára páálí. Paipu ìṣàn íǹṣì 1 àtààbọ̀ méjì, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́, kí èkejì wà fún ọjọ́ tí ewé tàbí ìpẹ́ bá dí ti àkọ́kọ́. Ohun tó ń mú omi kún ilẹ̀ yàrá nìyí: bí iná bá lọ, omi òkè á ṣì máa ṣàn wá sísàlẹ̀ títí á fi dé ètè paipu. 2 cm omi lórí táǹkì 240 × 90 jẹ́ 43 lítà, láìka ti inú paipu. Ẹ fi àyè 60 lítà ó kéré tán sílẹ̀ nínú sọ́ǹpù nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Paipu tó ń dá omi padà náà, ẹ lu ihò kékeré sí i lára níbi tí ojú omi mọ, kó má baà fa omi táǹkì wálẹ̀.

Bátìrì: 12 V, 100 Ah, ti ásíìdì, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò kó lè pẹ́. Ìyẹn 600 wákàtí-wọ́ọ̀tì. Pọ́ǹpù omi 85 W tó gba inú ínfátà á lò ó tán ní bíi wákàtí mẹ́fà. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ 12 V tó jẹ́ 18 W, tí ẹ so mọ́ bátìrì tààrà, á lo ju wákàtí 30 lọ. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ pèsè, kí ẹ so kànìnkànìn fílítà ńlá méjì mọ́ ọn, kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru yálà iná wà tàbí kò sí.

Tósìn_Ìjàpò

Ẹ ṣé púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa á sílẹ̀: 240 × 90 gba ìsàlẹ̀ tí mo bá gbé àga gígùn kúrò. Ilẹ̀ ò dún kókó. Kànga wà ní ẹ̀yìn ilé, sọ́kàwéè wà ní iwájú, màá yẹ omi náà wò. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé mo lè kó àwọn ọmọ ẹja wọ̀nyí sínú táǹkì 120 kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ títí táǹkì ńlá á fi parí? Tó bá sì di pé mi ò lè tọ́jú wọn mọ́, ṣé kò burú tí mo bá lọ tú wọn sí odò Àlà tàbí Ọ̀wẹnà?

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹja_FUTA

Ẹ má tú wọn sódò, ẹ jọ̀ọ́. Ẹja ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n, wọ́n lè gbé àìsàn wọ odò, Oscar sì lè bí, kó máa jẹ ọmọ epìyà tó wà níbẹ̀. Ẹ ti wá ẹni tó ní adágún olódi sílẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó rà wọ́n. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó máa gbà wọ́n, ẹ má rà wọ́n.

BàbáOlómi

Ti àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe, bí o bá ti fi owó dígí sílẹ̀ lọ́wọ́ oní-dígí kí ẹja tó dé. Bó bá jẹ́ "màá ṣe é tó bá yá", má dán an wò. Arowana ìka kan á di 25 cm kí oṣù mẹ́fà tó pé, ibẹ̀ ló sì ti yẹ kó jáde nínú ìbú 45. Ra Oscar kan sí inú 120 pẹ̀lú rẹ̀ ní báyìí, má ra méjì. Èkejì á wọlé nígbà tí táǹkì ńlá bá ti ń ṣiṣẹ́, kó sì ti tó 15 cm nígbà náà, kí arowana má baà gbé e mì.

Táǹkì ńlá náà, nígbà tí ọjọ́ 7 sílíkónì bá pé, rọ omi dé ìdá mẹ́rin, wo gbogbo igun pẹ̀lú bébà ìnulẹ̀ gbígbẹ, dúró di ọjọ́ kejì; rọ ọ́ dé ìdajì, tún wo lẹ́fẹ̀lì irin ẹsẹ̀ rẹ̀; lẹ́yìn náà rọ ọ́ dé 55 cm, fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìsí ẹja. Tan sọ́ǹpù, gbé kànìnkànìn fílítà tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú 120 sínú rẹ̀, máa yẹ omi wò. Láìsí kànìnkànìn ògbólógbòó, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni kí ammonia àti nitrite tó di 0. Ọjọ́ tí méjèèjì bá jẹ́ 0 fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, tí o sì ti ń fi ammonia tàbí oúnjẹ díẹ̀ bọ́ ọ ní gbogbo ìgbà náà, gbé arowana wọlé. Kọ́kọ́ de ìdérí.